Pọ́ǹpù Tó Ń Mí

Mi ò gba iwin gbọ́. Iṣẹ́ ìránṣọ ni mo fi jẹun dàgbà, ohun tí ọwọ́ mi bá sì kàn ni mo máa ń pè ní ohun. Síbẹ̀, títí di òní olónìí, bí mo bá fẹ́ ṣí pọ́ǹpù nínú ilé ìdáná mi, mo kọ́kọ́ máa ń dúró ná. Ọwọ́ mi á wà lára irin, etí mi á sì là sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé màmá àwọn ń kí omi kó tó bù ú. Wọn ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Ní Dowa ni ilé wa wà, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí Kútọnù, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba tí gbogbo ẹnu ń pariwo pé ayé ti yí. Mo ti lé lógún ọdún nígbà náà, mo ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò sì tíì lọ́kọ, ohun tí àwọn obìnrin àdúgbò kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Bàbá mi ti kú. Ìyá tó bí i ló tọ́ mi, tọmọdé tàgbà ló sì ń pè é ní Ìyá Àgbà. Àlùbọ́sà àti kánhún ló ń tà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀ ọ́, ó ti parí nìyẹn, ìwọ lo máa wá ibi tí wàá gbé àríyànjiyàn tìrẹ gbà.

Kànga kan wà láàárín àgbàlá wa. Ọkọ Ìyá Àgbà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, kí n tó dáyé. Gbogbo ilé tó yí wa ká ló ń pọn nínú rẹ̀, a kì í sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá ta omi, òùngbẹ ló máa pa á. Omi yẹn ni wọ́n fi wẹ òkú ọkọ rẹ̀. Òun náà ni wọ́n fi wẹ bàbá mi. Bí a bá jókòó tí ọ̀rọ̀ ikú bá wọlé, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ka sí ìdí kànga, á ní, "Omi ilé mi ni kí ẹ fi wẹ̀ mí. Ẹ má gbé mi jáde pẹ̀lú omi olómi lára." Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tó bẹ̀ wá fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní àléébù kan, bẹ́ẹ̀ ni mo pè é nígbà náà: kì í sá fún owó orí. Bí agbowó orí bá wọ àdúgbò wa láyé ìgbà yẹn, ṣe ni ilé máa ń dá páropáro. Àwọn ọkùnrin á gba ẹ̀yìn ọgbà, àwọn ìyàwó wọn á ní wọ́n ti lọ sí oko ní Akpro-Missérété, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wúkọ́ nínú yàrá náà á ti lọ sí oko. Ìyá Àgbà, àga ló máa ń gbé fún un. Á fún un lómi mu. Á tú etí aṣọ rẹ̀, á san tirẹ̀, á sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí a bá bínú sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù."

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn sinmi. Ọkọ̀ bàṣé ló ń wà, ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnù, láti Kútọnù dé Àjàṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ní Kútọnù, òun ló ń wá ròyìn rẹ̀ fún wa. Wọ́n ti da ọ̀dà sí títì kan. Iná ti dé òpópónà kan. Omi ń tú jáde láàárín oríta kan fún ẹwà lásán, kò sẹ́ni tó gbé korobá sábẹ́ rẹ̀. Á ní, "Ìyá, owó tẹ́ ẹ san yẹn máa ń bá mi rìn lọ ni. A jọ máa ń kọjá ní Sèmè. Kò bá mi padà rí." Ìyá Àgbà á ní kó jẹun kí oúnjẹ má baà tutù.

Nígbà tí ìjọba yí padà, agbowó orí kò yí padà. Ọkùnrin kan náà ni, fìlà kan náà, àfi pé ó ti ń pè wá ní kamaráàdì. Wọ́n pe ìpàdé ní pápá ilé ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò aláwọ̀ kan náà dìde, ó sọ̀rọ̀ ní Faransé, ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn, ẹlòmíràn wá túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó, èdè tiwa, fún wa, tó fi jẹ́ pé ìlérí kan ṣoṣo la gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn díẹ̀ ló ń jẹ owó gbogbo ìlú. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ohun tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan bá san, ara àdúgbò náà ló máa padà sí. Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀ sí mi létí pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ìyá Àgbà ló dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Ọmọ mi," ó ní, "ẹni tó ń gbé e lọ, a mọ̀ ọ́n. Ta ló máa gbé e padà?"

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ kó gbé padà fún yín?" Ìyá Àgbà ní omi. Lóòótọ́, lásìkò ọyẹ́, omi kànga wa máa ń lọ sílẹ̀ débi pé okùn là ń so mọ́ okùn, ẹ̀yìn àwọn àgbà obìnrin ló sì ń jìyà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ó ti parí. Nígbà tí a ń padà bọ̀ wálé, Ìyá Àgbà ń rìn níwájú wa bí ìyàwó tuntun. Mi ò rí i kó rìn báyẹn rí, mi ò sì rí i mọ́.

Mo fẹ́ kí n jẹ́ olódodo sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, nítorí ìbínú mi kì í jẹ́ kí n ṣe é nígbà gbogbo: wọ́n wá. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà, wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Wọ́n béèrè ibi tí a fẹ́ kí pọ́ǹpù àdúgbò dúró sí. Ibikíbi tí a bá yàn fún wọn, ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ kànga.

Ìyá Àgbà ló dárúkọ rẹ̀. Nílé tiwa, bí àlejò pàtàkì bá fẹ́ wọ̀, yàrá tó dára jù là ń kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀ fún un. A kì í ní kó wá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù àtijọ́. Ó ní ojú kànga ni ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ti mọ̀, ibẹ̀ sì ni ibi omi nílé náà láti ayébáyé, ibẹ̀ la máa fún ìjọba. Bàbá Kékeré ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi kànga sílẹ̀ ná, kí pọ́ǹpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri." Ìyá Àgbà wò ó bíi pé ó tutọ́ sínú àwo ẹni tó ń jẹun. "Ẹni tó gbé ohun rere wá fún ọ, o fẹ́ kó bá kòtò tó la ẹnu sílẹ̀ nílé, kó fi mọ̀ pé o ò gbà á gbọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìlú tí wọ́n á ti fi kànga wọn sílẹ̀, kí wọ́n tún gba pọ́ǹpù. Àwa ò gbọ́n báyẹn. Ìwà la fi ṣe é.

Bàbá Kékeré fi bàṣé rẹ̀ kó yanrìn tí a máa fi dí kànga wá láti Sèmè. Kí wọ́n tó da èyí àkọ́kọ́, Ìyá Àgbà fa korobá kan fúnra rẹ̀, ó sì ta omi rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sórí kànga, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kó má bínú, pé ibì kan náà ni omi máa ti máa jáde, ọ̀nà òkè ló kàn máa gbà jáde báyìí. Yanrìn yẹn wọlé títí. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé ìsàlẹ̀, tó bá sì dé, omi á dá a lóhùn. Nígbà tó yá, kò dá a lóhùn mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣí pọ́ǹpù náà, ó dúró lórí símẹ́ńtì tuntun, gẹ́lẹ́ lórí kànga, ó ń dán. Àwọn aláṣẹ wá nínú mọ́tò. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà ṣí i. Omi tú jáde, ó funfun, ó lágbára, ó ta sí gbogbo aṣọ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó bu àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ìpàdé yẹn, ó bu ìkejì fún agbowó orí. Gbogbo wa la gbé ohun èlò wá. Kí mọ́tò wọn tó dé orí títì ńlá, omi náà ti tín-ín-rín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó dá.

A rò pé wọ́n ń tún nǹkan ṣe ni. A dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹnìkan tó mí kanlẹ̀ láàárín àgbàlá. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ìta. Èémí àgbàlagbà ni, tó gùn, tó sì dá lójijì bíi pé ẹni náà rántí pé èèyàn wà nítòsí. Mo yọjú. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Pọ́ǹpù nìkan ló dúró, ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Ó wá di ojoojúmọ́. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, á mí. Ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ páìpù ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá Kékeré: páìpù ńlá kan ló ń bọ̀, àwọn ilé àwọn ẹni ńlá ló kọ́kọ́ ń kàn, ilé iṣẹ́ wọn ló tẹ̀ lé e, àwa la wà níparí pátápátá. Bí wọ́n bá ṣí omi lọ́hùn-ún nírọ̀lẹ́ kí àwọn èèyàn wọn lè wẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú páìpù á sá jáde lọ́dọ̀ tiwa. Ìyẹn ni pé tí àwọn bá ń wẹ̀, àwa ń gbọ́ ọ. Àlàyé náà yé mi dáadáa. Kò ní kí ẹ̀rù má bà mí, nítorí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni èémí náà ti ń dún wá síni létí. Láti inú ilẹ̀ ló ń wá, láti ibi tí a ti da yanrìn sí.

Ìyá Àgbà ní tirẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, á gbé àpótí rẹ̀ lọ sídìí pọ́ǹpù, á fi ọwọ́ lé e. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

"Ó ń gbẹ́ ẹ," ó ní.

"Ta ló ń gbẹ́ kí ni, Ìyá?"

"Bàbá yín àgbà. Ó rẹ̀ ẹ́. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń mí ni?"

Mo wọlé lọ, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì sunkún.

Ilé obìnrin Ègùn kan ní òdìkejì ọ̀nà la ti ń pọnmi. Ó ti pọn nínú kànga wa fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọkọ rẹ̀ tó gbẹ́ tiwọn. Ó lawọ́, kò fi ojú burúkú wò wá rí, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í bá mi lọ. Bí mo bá gbé omi dé, á fi díẹ̀ ṣe àlùwàlá, á sì tọ́jú ìyókù bí ohun tí a yá. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń kí ní kùtùkùtù tẹ́lẹ̀ nítorí omi, wọn ò rí ìdí tí wọ́n á fi yà kí i mọ́.

Àtúngbẹ́ ńkọ́? Símẹ́ńtì ìjọba ló wà lórí rẹ̀. Delegé àdúgbò, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò baálé àtijọ́, ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ń ba ohun ìlú jẹ́. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ kò sì gbà. Ó ní bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé tí wọ́n bá kànga, wọ́n á ní a ti rí omi, wọ́n á gba ilé ẹlòmíràn lọ. Agbowó orí tún dé, Ìyá Àgbà tún gbé àga fún un, ó tún san án. Lọ́jọ́ yẹn Bàbá Kékeré pariwo mọ́ ìyá rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnù bọ̀, òun rí ẹnìkan tó ń fi páìpù rin koríko níwájú ilé ńlá kan, koríko lásán, tí ewúrẹ́ ò gbọdọ̀ jẹ.

"Tí n kò bá san án," Ìyá Àgbà ní, "wọ́n á ní èmi ni mo kọ́kọ́ yẹ àdéhùn. Jẹ́ kó wà lọ́rùn wọn."

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ló mú un. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́, nígbà tó yá kò lè dìde mọ́. Ó pè mí, ó fi aṣọ kan tó ti di nǹkan mọ́ etí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní owó orí ọdún náà ni, kí n fún agbowó orí bó bá dé. Lẹ́yìn náà ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Omi ilé mi," ó ní. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Mi ò mọ ohun tí mo ń bá a jẹ́jẹ̀ẹ́.

Òwúrọ̀ ló kú. Lọ́dọ̀ àwa ìmọ̀le, òkú kì í sùn nílé. Bí àlùfáà ṣe ń bọ̀ tí àwọn obìnrin sì ń gé likàfáànì, aṣọ òkú, Bàbá Kékeré bọ́ ẹ̀wù, ó gbé dígà, ó sì kọlu símẹ́ńtì náà. Delegé sáré dé, ó ń sọ̀rọ̀, ó rí ojú Bàbá Kékeré, ó sì padà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin àdúgbò bá a gbẹ́ ẹ. Yanrìn Sèmè yẹn ń jáde, gbígbẹ, lórí gbígbẹ, ẹ̀gbẹ́ kòtò sì ń ya lulẹ̀ padà. Ọ̀sán pọ́n. Yanrìn tí wọ́n ń gbé jáde ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lọ́wọ́. Mo fún yanrìn náà lọ́wọ́, mo fún un, omi kan ò kán.

Àlùfáà ní ó tó. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní omi wà ní òdìkejì ọ̀nà, omi Ọlọ́run ni, òkú ò sì gbọdọ̀ dúró nítorí ti kànga. Bàbá Kékeré jókòó sínú kòtò. Obìnrin Ègùn náà ló fúnra rẹ̀ gbé omi wá lórí, kò sẹ́ni tó rán an. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Nínú tirẹ̀ ni mo ti mu fún ọdún púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbà á padà." Ó sọ ohun tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni sọ lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ èmi mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí Ìyá Àgbà bẹ̀ wá nìyẹn.

Mo wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Omi olómi ni mo dà sí i lórí. Bí a ṣe ń fi likàfáànì dì í lọ́wọ́, kí wọ́n tó gbé e jáde fún ìrun òkú, pọ́ǹpù tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àgbàlá mí. Ó tún mí lẹ́ẹ̀kan, ó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

A dí kòtò náà padà. Delegé ní àwa la máa san símẹ́ńtì tí a fọ́, a sì san án. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ kọjá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan agbowó orí dé, ó ń wá àga rẹ̀. Bàbá Kékeré sọ fún un pé ìyá òun ti kú. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó bá wa kẹ́dùn, ó ní kí Ọlọ́run fi Alujánnà kẹ́ ẹ. Kò lọ. Ó wúkọ́, ó ní owó ọdún yìí ti já lé e kó tó kú.

Bàbá Kékeré ti ń dìde bọ̀. Mo bọ́ sáàárín wọn. Mo ní kí ọkùnrin náà máa bá mi bọ̀, mo mú un lọ sídìí pọ́ǹpù, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ kó tẹ́tí. Ó rò pé mo ń bá a ṣeré. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti rọ̀. A dúró díẹ̀, èmi àti òun, a sì gbọ́ ọ.

Ó fò sẹ́yìn. "Ta nìyẹn?"

"Ìyá Àgbà ni," mo ní. "Ó ń retí omi tó san owó rẹ̀."

Ó wo pọ́ǹpù, ó wo símẹ́ńtì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà síbẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, mo rí i, ẹ̀rù sì ń bà á. Mo rò pé ó máa yí padà, kó máa lọ. Ó na ọwọ́. Mo tú etí aṣọ náà, mo kó o lé e lọ́wọ́ bí Ìyá Àgbà ṣe ní kí n ṣe. Ó gba owó náà, ó fún mi ní ìwé ẹ̀rí, ó sì gba ilé kejì lọ.

Omi dé Dowa nígbẹ̀yìn, nígbà tí ìjọba mìíràn ti dé tí Bàbá Kékeré náà ti dàgbà. Wọ́n pín in wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé ọkọ mi ni mo wà báyìí, ní apá ibòmíràn ní Àjàṣẹ́, a sì ní pọ́ǹpù tiwa. Ṣùgbọ́n kí omi tó jáde, afẹ́fẹ́ kékeré kan máa ń kọ́kọ́ wá, èémí ẹni tó rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń dúró nìyẹn. Mo máa ń jẹ́ kó mí tán, n óò ní, "Ìyá, a ti san án," kí n tó gbé korobá sábẹ́ rẹ̀.